Òórùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Alágbèéká Ọbáńtókò:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ra kárafáànù tòkunbọ̀ kan, ilé alágbèéká tí òyìnbó máa ń so mọ́ ìdí mọ́tò fà kiri. Èrò mi ni pé àwọn tó ń ya fíìmù ní Abẹ́òkúta níbí á máa yá a, káwọn òṣèré lè rí ibi múra. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, síńkì wà níbẹ̀, tọ́ílẹ́ẹ̀tì náà wà níbẹ̀. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì yẹn ló di wàhálà sí mi lọ́rùn. Tó bá ti di nǹkan bí aago 12 ọ̀sán, gbogbo inú ẹ̀ á máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Mo fọ àwo ẹ̀ títí ọwọ́ mi fi bó. Mo da bílíìṣì sí i. Mo ra lọ́fínńdà, ó wá di òórùn méjì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá òṣèrébìnrin kan wọlé, kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi jáde, ó ní òun á kúkú lọ múra lẹ́yìn igi. Ẹni tírú ẹ̀ bá ti ṣe rí, ì báà jẹ́ nílé ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe rídìí ẹ̀?

Ọmọ Lísàbí:
Lẹ́yìn igi kẹ̀! 😂😂

Ọmọ Lísàbí:
Oòrùn mú, òórùn dé. Ẹ pẹ̀lẹ́ sà.

Màmá Ìbejì Àsẹ̀rò:
Tiwa, tọ́ílẹ́ẹ̀tì àlejò ni. Láti ìgbà Iléyá ni ẹnikẹ́ni ò ti lò ó. Ṣàdédé ló bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Dádì Ìbejì ní eku ló kú sábẹ́ táìsì, ó ti lọ wá òòlù. Pulọ́ńbà àkọ́kọ́ tó dé ní ká pààrọ̀ àwo, ká pààrọ̀ páìpù, ká tún gbẹ́ sókàwéè míì. Bàbá bíríkìlà kan tó ń bá aládùúgbò wa ṣiṣẹ́ ló yọjú, ó gbọ́ òórùn náà, ó ní ká gbé omi wá. Ó da kọ́rọ́bá kan sínú ihò ilẹ̀ tí omi ìwẹ̀ máa ń gbà lọ, ó sì bá tiẹ̀ lọ. Kó tó dalẹ́, òórùn ti lọ. Ó ní ọrùn páìpù yẹn tẹ̀ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ, omi inú ẹ̀ ló máa ń dènà òórùn, àìlò ló jẹ́ kó gbẹ. Kọ́rọ́bá omi kan! Inú bí mi dípò kí n dúpẹ́.

Ìjẹ̀bú Ni Mí:
Màmá Ìbejì, pulọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn ni. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ omi ń kán tó, á ní kẹ́ ẹ wó ilé.

Pulọ́ńbà Láfẹ́ńwá:
Ọ̀gbẹ́ni Ìjẹ̀bú, gbogbo wa kọ́ o. Èmi náà á kọ́kọ́ da omi. Ẹni tí kì í bá fẹ́ máa rántí ní gbogbo ọ̀sẹ̀, kó da òróró díẹ̀ lé omi yẹn lórí, kò ní tètè gbẹ.
Ẹ̀gbọ́n Alágbèéká, ẹ dá mi lóhùn: níbo lẹ ń da ìgbẹ́ inú táǹkì tó wà lábẹ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì yẹn sí? Ẹ máa ń ti bálùfù tó ń dí ẹnu rẹ̀ àbí ṣíṣí ló wà? Ṣé fáànù wà lókè tọ́ílẹ́ẹ̀tì náà?

Màmá Ìbejì Àsẹ̀rò:
Òróró tí gálọ́ọ̀nù ẹ̀ ti di góòlù ni ká máa dà sí ihò ilẹ̀?

Pulọ́ńbà Láfẹ́ńwá:
Ṣíbí méjì péré, Mà.

Alágbèéká Ọbáńtókò:
Mo fi páìpù so ó mọ́ sókàwéè ilé mi. Ṣíṣí ni bálùfù máa ń wà kó má bàa kún. Fáànù náà ò kú rí, ooru ibẹ̀ kọjá sísọ.

Bọ̀dá Tíṣà:
Ẹ ṣá ìṣáná sẹ́bàá àwo yẹn, ibi tí iná bá tẹ̀ sí, ibẹ̀ ni òórùn ti ń wá.

Pulọ́ńbà Láfẹ́ńwá:
BỌ̀DÁ TÍṢÀ, Ẹ DÁKUN! Gáàsì ìgbẹ́ máa ń gbiná. Tísù ni kẹ́ ẹ fà ya tín-ínrín, kẹ́ ẹ mú un sún mọ́ ihò, atẹ́gùn á mì ín tó bá ń jáde.

Ọmọ Lísàbí:
Tíṣà fẹ́ sọ kárafáànù ẹgbẹ̀lẹ́gbẹ̀ owó di àkàrà.

Ẹni Àdìrẹ Ìtòkú:
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń wá òórùn kiri ilé mi. Mo ti fi ìyà jẹ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, mo ti pe ẹni tó kó sókàwéè, mo ti bá onílé jà. Àṣé ìyá tó gbé yàrá ẹ̀yìn ló rẹ ẹ̀gẹ́ sínú dúrọ́ọ̀mù lábẹ́ fèrèsé mi, ó ń ṣe láfún tà! Tó bá kó ti àná síta sá, á tún rẹ tuntun. Onílé ò bá mi sọ̀rọ̀ dòní.

Ìjẹ̀bú Ni Mí:
Mo ti ń retí ìgbà tí láfún máa wọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀gbá!

Màmá Ìbejì Àsẹ̀rò:
Láfún kì í rùn bí tọ́ílẹ́ẹ̀tì o. Ó kàn ní òórùn tiẹ̀ ni.

Ẹni Àdìrẹ Ìtòkú:
Mà, tó bá ti lo ọjọ́ mẹ́rin nínú omi, ẹ wá sọ fún mi.

Ọmọ Lísàbí:
Ìjẹ̀bú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jẹ́ kí gààrí yín kan tó fi ń gé èèyàn létè, ẹ̀yin lẹ ń sọ̀rọ̀ òórùn?

Ìjẹ̀bú Ni Mí:
Kíkan ló dùn. Ẹ bu omi tútù sí i, ẹ ju ẹ̀pà sí i, kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀.

Bọ̀dá Tíṣà:
Ẹni Àdìrẹ, ìkòkò aró tiyín náà ńkọ́? Èmi ò lè gba ibẹ̀ kọjá láìdi imú.

Ẹni Àdìrẹ Ìtòkú:
Òórùn owó nìyẹn, sà.

Pulọ́ńbà Láfẹ́ńwá:
Ẹ jẹ́ n dá Ẹ̀gbọ́n lóhùn kí láfún tó gbé wa lọ. Bálùfù yẹn ni àkọ́kọ́. Tó bá ń wà ní ṣíṣí, omi nìkan ló ń ṣàn lọ, èyí tó le á dúró sínú táǹkì, á máa gun ara ẹ̀ lórí bí òkìtì ọ̀gán. Gáàsì sókàwéè náà á tún máa gba inú páìpù yẹn padà wá bá yín. Ẹ tì í. Ẹ rọ omi púpọ̀ sínú táǹkì, kó rẹ ibẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹ so kárafáànù mọ́ mọ́tò, ẹ fà á gba òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìlú yìí kó máa mì, lẹ́yìn náà ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà kó ya lọ. Ẹ sì jáwọ́ nínú bílíìṣì. Ó ń pa kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ìgbẹ́ yẹn, ó sì ń ba rọ́bà jẹ́.
Ìkejì, fáànù. Atẹ́gùn tó ń fà síta gbọ́dọ̀ ti ibì kan wá. Tẹ́ ẹ bá ti fèrèsé pa, tẹ́ ẹ wá ṣí ìdérí àwo láti ṣan án, inú táǹkì ló ti máa fà á. Ẹ pa fáànù kẹ́ ẹ tó ṣan án, tàbí kẹ́ ẹ ṣí fèrèsé. Irú àwo yẹn ò ní ọrùn pẹ́pẹ́yẹ, ìdérí àti rọ́bà ló ní, omi díẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wà lórí ẹ̀. Ẹ fi omi sílẹ̀ lálẹ́. Tẹ́ ẹ bá jí tí kò sí mọ́, rọ́bà ti lọ nìyẹn.
Ìkẹta, ẹ gun òrùlé, kẹ́ ẹ wo ẹnu páìpù tí gáàsì ń gbà jáde.

Màmá Ìbejì Àsẹ̀rò:
Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti ń rò pé onísọkúsọ ni gbogbo yín.

Ìjẹ̀bú Ni Mí:
Ó ṣàlàyé, àmọ́ kò tíì sọ iye tó máa gbà.

Ọmọ Lísàbí:
Sókàwéè ìlú yìí gan-an lẹjọ́. Ẹ gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3, ẹ kan òkúta. Láti 1830 tí àwọn baba wa ti wá tẹ̀dó sábẹ́ òkúta, ààbò ogun ni wọ́n ń wá, wọn ò rò ti sókàwéè.

Bọ̀dá Tíṣà:
Òótọ́ ni. Tiwa ní Ìdí-Abà, bí òjò bá ti dá a lù, á máa hó wá sókè. Ọmọkùnrin kan tó wọ inú ẹ̀ láti kó o, okùn la fi yọ ọ́, kò mọ ibi tó wà mọ́. Gáàsì náà ni. Láti ìgbà yẹn ọkọ̀ tó ń fa ìdọ̀tí ni mò ń pè.

Alágbèéká Ọbáńtókò:
Ọjọ́ kẹfà rèé. Mo gun òrùlé. Agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé dí ẹnu páìpù yẹn pátápátá! Ọ̀kan ta mí létí. Mo fi wáyà họ ọ́ kúrò. Mo ti bálùfù, mo rọ omi, ọmọ ìyá mi bá mi fà á dé Kútò, a padà. Nígbà tí mo ṣí i... kí n má sọ ohun tó jáde, ẹlòmíì ń jẹun lọ́wọ́. Òórùn ti lọ ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ ó ṣì ń jáde díẹ̀ nísàlẹ̀ síńkì.

Pulọ́ńbà Láfẹ́ńwá:
Ẹ wo abẹ́ síńkì, fìlà dúdú kan máa wà lórí páìpù, ó ń fa atẹ́gùn wọlé, kì í jẹ́ kó jáde. Rọ́bà inú ẹ̀ ló ti rọ̀ mọ́ra. Ẹ tú u, ẹ fọ̀ ọ́, tí kò bá gbọ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Kò wọ́n.

Ìjẹ̀bú Ni Mí:
Ẹ̀gbọ́n, òṣèrébìnrin yẹn ti padà wọlé?

Alágbèéká Ọbáńtókò:
Ó wọlé lánàá. Ó jókòó, ó múra, ó wá ní, "Bọ̀dá, ta ló ń rẹ láfún ládùúgbò yìí?"

Ẹni Àdìrẹ Ìtòkú:
MO SỌ BẸ́Ẹ̀!