Macro 180mm fún lámilámi: kí ló fi ju 100mm lọ?

Lámilámi_Etídò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Macro 100mm (lẹ́ńsì tí wọ́n fi ń ya ohun kékeré ní tòsí) ló wà lọ́wọ́ mi, kámẹ́rà full-frame ni. Kí n tó sún mọ́ lámilámi bí mo ṣe fẹ́, ó ti gbéra. Mo wá ń wo 180mm f/3.5. Àlàfo tó máa fi kún un láàárín lẹ́ńsì àti kòkòrò ńkọ́, báwo ló ṣe tó? Ṣé á jẹ́ kí ibi tó hàn kedere lára kòkòrò pọ̀ sí i? Ṣé ó sì ṣeé fọwọ́ dì mú, àbí dandan ni tripod?

Ojú_Kòkòrò:
Nọ́ńbà tí wọ́n kọ fún ibi tó sún mọ́ jù tí lẹ́ńsì lè yà kedere lè tan èèyàn. Láti orí sensor (ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà) ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe láti ẹnu lẹ́ńsì. Ti 100mm a máa jẹ́ nǹkan bíi 30cm. Ẹ yọ gígùn lẹ́ńsì àti inú kámẹ́rà kúrò níbẹ̀, ó ku bíi 15cm láàárín dígí àti kòkòrò ní 1:1 (kí kòkòrò tóbi lórí sensor bó ṣe tóbi gan-an). Ti 180mm a máa jẹ́ 47 tàbí 48cm, bíi 24cm ló sì máa ń kù. Tí ẹ ò bá yọ hood (ìbòrí ẹnu lẹ́ńsì tó ń dí oòrùn), òun náà á bù lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló ní kí ẹ ya lámilámi ní 1:1? Ìbú sensor yín ò ju 36mm lọ. Lámilámi tó gùn tó 60mm, orí àti àyà rẹ̀ nìkan ló máa wọlé. 1:2 (ìdajì bó ṣe tóbi gan-an) ló máa gba gbogbo rẹ̀, níbẹ̀ ẹ sì ti lè fà sẹ́yìn dáadáa.

Ní ti kedere, ẹ má retí àfikún kankan. Tí kòkòrò bá tóbi bákan náà lórí sensor, tí nọ́ńbà f (ìwọ̀n ihò lẹ́ńsì; bó bá ṣe ga sí i ni ihò ń kéré sí i) ò sì yàtọ̀, ọgbọọgba ni lẹ́ńsì gígùn àti kúkurú. Ní 1:1 pẹ̀lú f/11, bíi 1.3mm péré ló máa hàn kedere. Ẹ má torí ìyẹn sáré lọ sí f/22 o. Ní 1:1, iṣẹ́ f/22 ni f/11 ti ń ṣe. F/22 á wá di f/44, ìmọ́lẹ̀ á tú ká nínú ihò tóóró yẹn, gbogbo àwòrán á sì rí bàìbàì.

Ẹ̀yìn àwòrán gan-an ni owó 180mm ń rà. Ojú rẹ̀ ò gbà ju bíi 14° lọ, ti 100mm tó 24°. Igi gbígbẹ kan ń tàn lẹ́yìn kòkòrò? Ẹ sún kámẹ́rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ó ti kúrò, ewé abẹ́ òjìji ti rọ́pò rẹ̀.

Ẹlẹ́sẹ̀_Mẹ́ta:
Ẹ jẹ́ ká sọ ti gbígbọ̀n, torí ibẹ̀ ni 180mm ti ń dójú ti èèyàn. Òrùka ara lẹ́ńsì ni kí ẹ dè mọ́ tripod, kì í ṣe ìdí kámẹ́rà. Tí ẹ bá dẹ ìdè rẹ̀, ẹ lè yí kámẹ́rà láti ìbú sí òró láìjẹ́ pé kòkòrò kúrò láàárín. Ẹ má fa òpó àárín tripod sókè.

Ẹ yí fókọ́ọ̀sì sí manual, ẹ mú ìwọ̀n tí ẹ fẹ́, kí ẹ wá máa sún gbogbo kámẹ́rà síwá sẹ́yìn lórí rail (irin tí kámẹ́rà ń yọ̀ lé lórí) títí ojú lámilámi á fi mọ́ nínú live view (àwòrán ojú ẹ̀yìn kámẹ́rà) tí ẹ ti fẹ̀ sí 10×. Ẹ̀yìn kámẹ́rà gbọ́dọ̀ bá ara kòkòrò dọ́gba: tí ìrù bá fi sẹ̀ǹtímítà kan jìnnà ju orí lọ, kò sí nọ́ńbà f tó máa gbà yín.

Tí kámẹ́rà bá ní dígí tó ń gbéra nínú, láàárín 1/30 sí 1/4 ìṣẹ́jú àáyá ló ti ń ba nǹkan jẹ́ jù. Ẹ kọ́kọ́ gbé dígí náà sókè, ẹ wá fi timer ìṣẹ́jú àáyá 2 yà á.

Fífọwọ́ dì mú? Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n òfin tó ní kí shutter má lọ́ra ju 1/180 ìṣẹ́jú àáyá lọ fún 180mm ò ṣiṣẹ́ ní 1:1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1/500. Stabilizer (ohun tó ń dín gbígbọ̀n kù) ò ní ràn yín lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀; ní tòsí báyìí, bí ara ṣe ń mì síwá sẹ́yìn ló ń ba fókọ́ọ̀sì jẹ́, ìyẹn ò sì sí níkàáwọ́ rẹ̀.

Iná_Pẹ́lẹ́:
Mi ò fara mọ́ 1/500 yẹn tí fíláàṣì bá wà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló ń dá gbígbọ̀n dúró, kì í ṣe shutter: manual, 1/16 agbára rẹ̀ tàbí kó kéré sí i, shutter ní 1/200. Wàhálà onílẹ́ńsì gígùn ni pé fíláàṣì orí kámẹ́rà jìnnà sí kòkòrò, ojú lámilámi á wá ní àmì funfun kékeré kan tó le. Ẹ gbé fíláàṣì sórí apá irin, kí diffuser (ohun tó ń mú ìmọ́lẹ̀ rọ̀) dé ìtòsí ẹnu lẹ́ńsì. Tí ẹ̀yìn bá dúdú kirikiri, ẹ gbé ISO (bí sensor ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀) sí 800, shutter sí 1/60, ṣùgbọ́n gbígbọ̀n tún lè yọjú níbẹ̀.

Fún aláǹtakùn tó jókòó jẹ́ẹ́, 100mm ni mo máa mú ní tèmi.

Lámilámi_Etídò:
Ẹ ṣé gan-an ni. Tí mo bá fẹ́ kọjá 1:1 ńkọ́? Mo ní extension tube (òrùka òfìfo tó ń wà láàárín lẹ́ńsì àti kámẹ́rà) 25mm.

Ojú_Kòkòrò:
Lórí 50mm, tube yẹn á fi 0.5× kún un. Lórí 180mm, 25 ÷ 180, bíi 0.14× péré. Teleconverter 1.4× (lẹ́ńsì kékeré tó ń wọ àárín lẹ́ńsì àti kámẹ́rà) ló dáa: ó ń sọ 1:1 di 1.4:1, àlàfo ò dín, stop kan (ìdajì) ni ìmọ́lẹ̀ tó máa gbà. Kí ẹ tó rà á, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá dígí iwájú rẹ̀ ò ní kan ẹ̀yìn lẹ́ńsì yín. Kì í ṣe gbogbo macro ló bá a mu.