Ìwé filọ́sọ́fì wo ló ń bi àwùjọ àti yunifásítì léèrè ọ̀rọ̀?

Ọmọ Bàrígà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún kejì mi rèé nídìí filọ́sọ́fì, àkọ́sórí lásán ni gbogbo rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi olùkọ́ wa pé kí ló kan ìyá mi, tó ń yan ẹja tà, nínú ohun tí à ń kọ́ yìí. Ó ní kí n jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ìwé wo ni kí n kà?

Àǹtí Sùúrùlérè: Àbúrò mi, Paulo Freire ará Brazil ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn tálákà tó ti dàgbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Nígbà tí ológun gbàjọba ní 1964, wọ́n tì í mọ́lé, ó sì fi ìlú sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Wá *Pedagogy of the Oppressed*. Àkọ́sórí tó ń dùn ọ́ yẹn wà ní orí kejì: ó ní wọ́n sọ akẹ́kọ̀ọ́ di báńkì, olùkọ́ ń kó ìmọ̀ sí i nínú, tọ̀hún kàn ń gbà á sílẹ̀ ni. Ẹni tí kò gbọdọ̀ béèrè ní kíláàsì, ìgbà wo ló fẹ́ bi ìjọba? Àlòkù ni mo ra tèmi ní Yábàá. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti fi bírò pupa fàlà sí orí kejì láti òkè délẹ̀. Orí kìíní mọ́ tónítóní.

Bàbá Ìbejì: Ẹ jẹ́ ká wálé. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, onímọ̀ nípa àwùjọ, *The Invention of Women*, 1997. Wọ́n ní ojú tí òyìnbó fi ń wo akọ àti abo ni àwọn onímọ̀ gbé ka Yorùbá lórí. Ẹ gbọ́ ẹnu wa ná: "Ẹ̀gbọ́n mi ti dé, ó ń jẹun." Ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin? Èdè kò sọ. Ta ló ṣàgbà ló kọ́kọ́ sọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má sùn lọ́jọ́ tí mo ka ibẹ̀.

Ìyá Dàpọ̀: Mo kà á, mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò gbà tán. Nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn tó ń pè mí ní "ìyàwó wa" náà ló ti ilẹ̀kùn mi pa ní Ṣómólú. Èdè ò gbà mí lọ́jọ́ náà. Ka ìwé náà, kó o sì bá a jiyàn.

Ará Èbúté Mẹ́ta: Má gbàgbé Sophie Olúwọlé, onímọ̀ filọ́sọ́fì tó kọ́ni ní Yunifásítì Èkó ní Àkọkà, tó sì fi ayé sílẹ̀ ní 2018. Wọ́n gbé Ọ̀rúnmìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ Socrates, onímọ̀ filọ́sọ́fì ará Gíríìsì àtijọ́, wọ́n ní àròjinlẹ̀ gidi wà nínú ẹsẹ Ifá. Bí owó bá ṣòro, *Radical Philosophy* wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tí inú ń bí sí bí wọ́n ṣe ń kọ́ filọ́sọ́fì ní Bìrìtìkó ló dá ìwé àtìgbàdégbà náà sílẹ̀ ní 1972.

Ọmọ Bàrígà: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí màmá mi nídìí ẹja. Wọ́n ní kí n bá àwọn béèrè lọ́wọ́ Ìyá Dàpọ̀: ṣé wọ́n ti ṣílẹ̀kùn náà fún yín?