Èsì: "Àtúnṣe ìdènà" fún amúlétutù àti amúlémóoru: ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ "tún" kúrò

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ará, mo kí yín.

Ẹ̀gbọ́n tó gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ ní "àtúnṣe ìdènà" ni ká máa pe iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lóòrèkóòrè sára ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, kí wọ́n má baà bàjẹ́. Ẹ forí jì mí, kò wọ̀ mí létí rárá. "Tún" inú rẹ̀ ló ń bí mi nínú. Ẹni tó bá lóun ń tún ẹ̀rọ ṣe, ohun tí gbogbo wa gbọ́ ni pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Iṣẹ́ tí à ń wí yìí, ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni wọ́n ń ṣe é fún.

Àǹtí wa kan dáhùn pé a máa ń tún ilé ṣe, a máa ń túnra ṣe, láìjẹ́ pé nǹkan kan bàjẹ́. Òótọ́ ni. Ẹ wá fi "mọ́tò" síbẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ìtumọ̀ náà ṣì dúró.

"Ìdènà" tilẹ̀ burú jù ú lọ. Ẹ yọ asẹ́ amúlétutù tí ẹnikẹ́ni ò fọ̀ látọjọ́ pípẹ́ wò: eruku á ti bò ó débi pé ẹ ò ní rójú ihò rẹ̀ mọ́, afẹ́fẹ́ ò ní ríbi gbà, yìnyín á sì máa dì sára páìpù tútù tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ibi tí omi ń gbà jáde náà, èérí yíyọ̀ á dí i, omi á wá máa kán sílẹ̀ nínú yàrá. Ìdènà gan-an nìyẹn! Bí ẹ bá ní kí oníṣẹ́ wá ṣe "àtúnṣe ìdènà", ohun tó máa gbọ́ ni pé nǹkan ti dí, kó wá là á.

"Ìtọ́jú" lọ̀rọ̀ tiwa. Àwọn àgbà tí mo gbọ́ èdè lẹ́nu wọn kì í fi "tọ́jú" rọ́pò "tún ṣe". "Ìtọ́jú àtìgbàdégbà" ti tó: ká fọ asẹ́ tàbí ká pààrọ̀ rẹ̀ láàárín oṣù 1 sí 3, ká nu páìpù, ká la ojú omi. Amúlémóoru tó ń fi gáàsì dáná, kí òtútù tó dé ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Iná rẹ̀ yẹ kó jẹ́ búlúù. Bó bá ti ń pọ́n rúsúrúsú, èéfín olóró tí kò lóòórùn lè ti máa wọlé. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í parọ tó bá gbọ́n.

Ẹnì kan tún fẹ́ ká fi gáàsì rírọ sínú amúlétutù sábẹ́ ìtumọ̀ náà. Mo kọ̀ ọ́. Gáàsì inú amúlétutù kì í jó tán bí epo mọ́tò, inú páìpù tí wọ́n dé pa ló ń yí po. Bó bá dín, ó ń jò níbì kan nìyẹn, kí wọ́n wá a rí, kí wọ́n dí i. Àtúnṣe nìyẹn. Ibẹ̀ ni "tún" wúlò sí.

Ní ti "amúlégbóná" tí bọ̀ọ̀dá wa kan fẹ́ ká fi rọ́pò "amúlémóoru", tó fẹ́ fi ọlá olùkọ́ èdè tẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́, mi ò gbà. Ilé tó móoru ń tu èèyàn lára, ilé tó gbóná ń lé èèyàn síta. Ọdún tí wọ́n ti fi kọ́ni ò lè sọ "gbóná" di "móoru". Mo ń retí èsì wọn.