Ẹ bá mi yẹ ètò ilé yìí wò kí n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, òkun o! Ilé oníyàrá mẹ́ta ni mo fẹ́ kọ́ sí Kàbbà, mi ò sì fẹ́ èyí tó máa gbóná débi pé láìsí jẹnẹrétọ̀ a ò ní sùn.

Búlọ́ọ̀kù amọ̀ pupa tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ni mo fẹ́ lò, tí sìmẹ́ńtì inú ẹ̀ ò ní ju 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Wọn kì í sun ún níná, torí náà a ò ní gégi láti fi dáná sun ún. Ògiri gígùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ má bàa gbá a lójú.

Bàbá mi ò fẹ́ gbọ́ amọ̀ sétí. "Ṣé torí kó o lè padà sílé amọ̀ ni mo ṣe rán ọ níléèwé?" Wọ́n ní òjò á fọ̀ ọ́ lulẹ̀. Èmi ní ká fi òkúta ṣe ìpìlẹ̀, ó kúkú pọ̀ lọ́dọ̀ wa, kí òrùlé sì yọ síta dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ irú ẹ̀, ṣé ẹ ṣì rẹ́ ara ògiri níta? Ikán ńkọ́?

Ti omi ló tún kù. Bí òjò mìlímítà 10 bá rọ̀ sórí páànù tó fẹ̀ tó mítà 10 níbùú lóròó, ó lè tó líta 1,000. Àmọ́ láti Oṣù Kọkànlá ni òjò ti ń dáwọ́ dúró, eruku ọyẹ́ á sì bo páànù. Táńkì inú ilẹ̀ ni àbí ti orí ilẹ̀? Báwo lẹ ṣe ń da omi òjò àkọ́kọ́ nù kó má wọnú ẹ̀?