Ohun tí a sanwó fún kọ́ ni a bá níbi ìsinmi yìí

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa lo ọjọ́ márùn-ún ní ibi ìsinmi kan tí a ti fi káàdì báńkì sanwó rẹ̀ sílẹ̀, nítorí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ àwọn ọmọdé tí wọ́n fi polówó rẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, adágún náà ti gbẹ, ewé ló kún ìsàlẹ̀ rẹ̀; àbíkẹ́yìn mi wọ aṣọ ìwẹ̀ dúró tì í, ó kàn ń wò ó láìsọ̀rọ̀. Èyí ló dùn mí jù.

A fẹjọ́ sùn lọ́jọ́ náà gan-an, mo sì ya àwòrán, ṣùgbọ́n owó alẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ dá padà. Ṣé kí n gbà á, àbí kí n kọ̀wé sí báńkì mi kí wọ́n bá mi gba owó náà padà? Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá gba díẹ̀ yìí, wọn yóò ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.