Ṣé "skiver" àti ọ̀lẹ, ọ̀kan náà ni?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará mi tó wà ní London, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lánàá, mo ti wẹ̀ fún màmá mẹ́ta kí n tó jókòó mu tíì, ni obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bá pè mí ní "skiver". Ó dùn mí wọra. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ tó sá níléèwé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, àti àgbà tó purọ́ àìsàn kó má baà lọ síbi iṣẹ́. Ìyẹn ju ọ̀lẹ lásán lọ, ẹ̀tàn wà nínú ẹ̀! Àbí àwọn òyìnbó tún máa ń fi ṣàwàdà? Ṣé kí n sọ fún ọ̀gá, àbí kí n kọ́kọ́ bi í ní kọ̀rọ̀?