MS: báwo lẹ ṣe ń mú kí agbára tó iṣẹ́ òòjọ́?

Olùtọ́jú: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa MS (multiple sclerosis, àìsàn tó ń bá iṣan ọpọlọ àti ti ọ̀pá ẹ̀yìn jà), ẹ dákun, ẹ wá bá wa sọ̀rọ̀. Àárẹ̀ rẹ̀ ni mò ń bèèrè. Kí ni àwọn OT (occupational therapist, àwọn tó ń kọ́ aláìsàn bó ṣe máa ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀) máa ń ní kí èèyàn ṣe tí agbára bá ti tán kí ọ̀sán tó pọ́n?

Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀: Ká kọ́kọ́ mọ ibi tí agbára ń gbà jò. Bí wáyà iná ṣe ní rọ́bà lára, bẹ́ẹ̀ ni iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ ṣe ní ìbora tó ń jẹ́ máyẹ́lìn. Nínú MS, àwọn ọmọ-ogun ara fúnra wọn ló ń jẹ ìbora yìí, nínú ọpọlọ, nínú ọ̀pá ẹ̀yìn àti lára iṣan ojú. Nǹkan tí iṣan ì bá gbé kọjá wẹ́rẹ́, tipátipá ló wá ń gbé e. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ lè sọ pé ó rẹ òun, òótọ́ ló sọ.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tẹ́ ẹ ń tọ́jú kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ méje: aago mélòó, iṣẹ́ wo, àárẹ̀ mélòó nínú 10. Iṣẹ́ tó le jù, kó bọ́ sí wákàtí tí ara rẹ̀ máa ń yá jù. Kó sì sinmi ìṣẹ́jú 10 sí 15 *kí* àárẹ̀ tó dé. Tó bá dúró dìgbà tó rẹ̀ ẹ́ tán, wákàtí kan gbáko lè má tó o mọ́.

Ojú Inú: Kí àárẹ̀ tó dé! Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ayé ti ń ṣìṣe.

Alákọsílẹ̀: Ilé ìdáná ló ń jẹ agbára jù lójú tèmi. Kó jókòó gé nǹkan. Ìkòkò òfìfo ni kó gbé kaná, kó wá fi kọ́ọ̀bù bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Tó bá máa se nǹkan tí wọ́n ń da omi rẹ̀ nù, kó ti asẹ́ onírin bọ inú ìkòkò náà kó tó gbé e kaná. Tó bá jinná, asẹ́ nìkan ló máa gbé, omi gbígbóná á dúró síbẹ̀.

Bàbá Àgbà: Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ omi ìwẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń le gbagidi, kó wọ inú omi gbígbóná dáadáa, ẹsẹ̀ á dẹ̀.

Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀: Ẹ má bínú, bàbá, mi ò gbà. Lọ́dún 1890, dókítà ojú kan ní Jámánì, Wilhelm Uhthoff, ṣàkíyèsí pé ojú àwọn kan tó ní MS máa ń ṣú tí wọ́n bá ti lo ara wọn. Ooru ara ló ń fà á. Kí ara fi ìdajì dígíríì Celsius gbóná jù bó ṣe yẹ ti tó láti mú ojú ṣú tàbí kí ẹsẹ̀ rọ. Iṣan tó ti bó, ooru kì í jẹ́ kó ráyè jíṣẹ́.

Bàbá Àgbà: Ṣé ó ń ba iṣan náà jẹ́ sí i ni?

Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀: Rárá o. Tí ara bá tutù, ó máa ń padà sípò. Ìgbà tó bá fẹ́ dìde nínú omi yẹn lẹ̀rù wà, tí ẹsẹ̀ ò gbé e mọ́ lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀.

Ojú Inú: Omi tútù nìyẹn?

Alákọsílẹ̀: Lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni. Omi tó tutù nini náà lè mú kí ẹsẹ̀ fà pọ̀. Kó jókòó sórí àga inú balùwẹ̀. Ọwọ́ tí kò mọ nǹkan lára mọ́ kọ́ ló máa fi dán omi wò o! Ibi tó ṣì mọ nǹkan lára ni kó lò, tàbí kó ki tẹmómítà bọ̀ ọ́. Tó bá sì wẹ̀ tán, kó da ẹ̀wù táwẹ́ẹ̀lì bora, kó jókòó títí ara á fi gbẹ. Nínu ara ń gba agbára ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Olùtọ́jú: Ẹ ṣeun o. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ńkọ́? Ṣíbí onírin wúwo ni wọ́n ní ká rà.

Ojú Inú: Ẹ má tíì rà á.

Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀: Àwọn kan ń jàǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó fi jẹ odindi oúnjẹ kan kẹ́ ẹ tó sanwó, torí ẹnu mẹ́ta àkọ́kọ́ máa ń dùn, nígbà tó bá di ìdajì àwo, apá á ti wó. Ohun tí kò ná yín ní kọ́bọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe: kó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé tábìlì, kó fi apá mọ́ ẹ̀gbẹ́, kó wá máa gbé ọwọ́ nìkan. Kọ́ọ̀bù rẹ̀, kó ní ìdérí, kó fi sítíróò mu ún.

Alákọsílẹ̀: Tí yóò bá wọṣọ, apá tó rọ ni kó kọ́kọ́ wọ̀. Tó bá ń bọ́ ọ, apá tó rọ ni kó gbẹ̀yìn.

Bàbá Àgbà: Gbogbo ìdúró-jókòó yìí ò ní sọ ọ́ di ẹni tí kò lè ṣe nǹkan kan?

Alákọsílẹ̀: Bàbá, agbára tó bá kù lára ìdáná ló máa fi bá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣeré nírọ̀lẹ́. Eré ìdárayá náà wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kó fi í sílẹ̀. Kó tutù lára kó tó bẹ̀rẹ̀ ni.

Olùtọ́jú: Ó yé mi. Ìgbà wo wá ni àárẹ̀ kọjá àárẹ̀, tó di ọ̀rọ̀ dókítà?

Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀: Tí àmì tuntun bá yọ, bí i kí ojú kan ṣú tàbí kí ẹsẹ̀ kan kú, tó sì lé ní wákàtí 24, ẹ pe dókítà. Tó bá jẹ́ àwọn àmì àtijọ́ ló ṣàdédé le sí i, ẹ wo ara rẹ̀ bóyá ó gbóná, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Àkóràn inú àpò ìtọ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an, kódà nígbà tí ìtọ̀ ò ta á.